Ìkòkò Aró àti Ewé Kókò

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ Ẹtì tí táàmù bá fẹ́ parí ni a máa ń kun pátákó. Tíṣà á ti kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ tó ṣáájú: kí oníkálukú mú eédú wá, kí àwọn ọmọ tí bàbá wọn ní rédíò mú òkú bátìrì wá, kí àwa ọmọbìnrin já ewé bọ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí kò bá sí, a ó já ewé kókò létí odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yún ni lọ́wọ́. A ó fọ́ bátìrì, a ó yọ ọ̀pá dúdú àárín rẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tó ń fi í kọ ìkọkúkọ sára ògiri, a ó da ìyẹ̀fun dúdú tó kù sínú odó pẹ̀lú eédú àti ewé, ó di gbúù-gbúù. Ohun tó bá jáde la fi ń kun pátákó. Bó bá gbẹ, ó ń dán, ṣọ́ọ̀kì sì ń mú un dáadáa.

Ó lé ní ogójì ọdún kí n tó tún pàdé eédú àti ewé kókò nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà yẹn mo ti di teknọ́lọ́jísì àgbà nínú láàbù kẹ́mísírì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti sọ mí ní Ìyá Láàbù. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìwé ìwádìí kan wá bá mi, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012. Àwọn méjì ní Yunifásítì Tezpur, ní Assam lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn fi omi ewé méjì àti omi èèpo ọsàn yọ ọ́síjìn kúrò lára ohun kan tí wọ́n ń pè ní gráfíìnì ọ́ksáìdì. Mo ka orúkọ ewé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Colocasia esculenta. Kókò wa ni, ewé tó ń yún ni lọ́wọ́.

Ọmọ náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó fi ṣe ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa ṣàwárí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ṣeé ṣe. Mo ní kó jókòó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ìwé kankan, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà mi ni.

Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, aláró ni, ní Kẹ́mta ní Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ kẹ́mísírì tí kò kúrò lára mi títí dòní. Méjì méjì ni wọ́n ń to ìkòkò eérú léra. Ti òkè ní ihò nídìí. Wọ́n á da eérú èèpo kòkó àti eérú igi sí i (kòkó ni mo wí o, kì í ṣe kókò), wọ́n á da omi lé e, omi á máa kán tó, tó, tó sínú ti ìsàlẹ̀. Omi yẹn máa ń dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Màmá á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á tutọ́ sílẹ̀, á ní, "Kò tíì mú." Bó bá mú, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa kó èlú sínú rẹ̀, ewé èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n sù róbótó, tí wọ́n sá gbẹ. Wọ́n á dé e. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Ìkòkò á wá máa rùn, òórùn tó ń wọ irun orí ẹni tí kì í jáde. Àwa ọmọdé kò gbọdọ̀ pariwo nídìí rẹ̀, wọ́n ní Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, ló ni ibẹ̀. Bí ìkòkò bá sì kọ̀ tí kò so, kò sí ẹni tí Màmá kì í fura sí, títí kan òjò.

Ohun tí mo fẹ́ràn láti máa wò ni bí aṣọ ṣe ń jáde. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde kì í dúdú rárá. Ó máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tó pòpọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé, bí ewé tó fẹ́ wọ́. Ẹ fi í sórí okùn, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, aró á yọ lójú yín. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú èlú tó ń jẹrà ti jẹ ọ́síjìn tán, aró sì tú sínú omi, ó wọ inú òwú. Níta, ọ́síjìn tún rí i mú, ó dì mọ́ òwú, kò sì jáde mọ́. Gbogbo iṣẹ́ aró kò ju èyí lọ: kí a fi ewé lé ọ́síjìn lọ, kí a sì tún pè é padà nígbà tí a bá fẹ́.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mò ń ṣe.

Gráfíìnì fúnra rẹ̀ wà nínú pẹ́ńsù tó fi há etí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun dúdú inú pẹ́ńsù, gráfáìtì ni, ó sì rí bí ìwé tí wọ́n tò léra: ìpele kábọ̀nù lórí ìpele kábọ̀nù. Ìpele kan ṣoṣo, tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ, òun ni gráfíìnì. Bí ẹ bá to nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta rẹ̀ léra, gbogbo rẹ̀ á nípọn tó mílímítà kan.

Ní àárín àwọn ọdún 1500 ni àwọn darandaran ní àfonífojì Borrowdale, ní Cumbria nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi gráfáìtì sàmì sára àgùntàn wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó dára láti fi bo inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń rọ ọta àgbá, ó sì di ohun tí ìjọba ń ṣọ́. Ní 1752, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tó sọ jíjí i di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Lẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wọn kà á sí. Ọdún 1779 ni Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, fi hàn pé kábọ̀nù ni. Àwa náà ṣì ń pè é ní lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù títí di òní olónìí. Àṣìṣe àwọn darandaran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la gbé wọ ilé-ìwé wa.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ já ìpele yìí sílẹ̀ kò mọ ohun tó ń já. Ní 1859, Benjamin Brodie ní Oxford fẹ́ mọ bí átọ́ọ̀mù gráfáìtì ṣe wúwo tó. Ó pò ó mọ́ ásíìdì náítíríìkì tó ń rú èéfín àti potásíọ̀mù kíloréètì, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó tún ṣe é, ó tún ṣe é, títí ohun dúdú fi di ohun tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè. Ọ́síjìn ló ti wọ àárín àwọn ìpele náà, tó ń tì wọ́n jìnnà síra. Ewu ńlá ni iṣẹ́ yẹn, torí ó lè bú gbàmù. Ní 1898 Staudenmaier ní Jámánì tún un ṣe díẹ̀. Ní 1958 ni Hummers àti Offeman ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà mìíràn jáde: ásíìdì sọ́fúríìkì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ nínú bátìrì mọ́tò, àti pẹ̀mángánéètì. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ wákàtí bíi mélòó kan.

Mo ti ṣe é, mo sì ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé kí ooru nǹkan náà má kọjá 20 lórí tẹmomítà nígbà tí èèyàn bá ń wọ́n pẹ̀mángánéètì sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ìyá ọkọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, iná lọ, yìnyín tí mo gbé fláàsì lé ń yọ́, mo wá kánjú, mo da ohun tó kù nínú ìwé sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó hó sókè. Èéfín elésè-àlùkò bo ojú fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ta sórí tábìlì, ó jó kóòtù láàbù mi ní ihò mẹ́rin. Kóòtù náà ṣì wà nílé. Mo máa ń fi han àwọn tó bá sọ fún mi pé gráfíìnì wọn jẹ́ ti ewé.

Ìtàn Yunifásítì Manchester ni gbogbo ayé mọ̀, n kò ní fa á gùn. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov fi sẹ́lótéèpù lẹ gráfáìtì, wọ́n ṣí i, wọ́n tún un lẹ̀, títí ìpele kan ṣoṣo fi kù. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e ní 2010. Ó dùn mí díẹ̀ pé àwọn èèyàn kì í dárúkọ Hanns-Peter Boehm, ará Jámánì tó ti rí irú abala tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ní 1962, tó sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ ní gráfíìnì ní 1986.

Sẹ́lótéèpù dára fún ẹ̀bùn Nobel, kò dára fún ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ gráfíìnì púpọ̀ gbọ́dọ̀ padà sídìí ìkòkò Brodie àti ti Hummers: kó fi ásíìdì já gráfáìtì sí gráfíìnì ọ́ksáìdì, èyí tó ń tú sínú omi bí ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá yọ ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀. Kò sí bí kò ṣe ní yọ ọ́, torí ọ́síjìn yẹn ti dínà mọ́ iná, kò jẹ́ kó kọjá. Ní 2007, àwọn kan ní Amẹ́ríkà fi háídírásìnì yọ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n májèlé ni háídírásìnì. Epo rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ọkọ̀ òfuurufú rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Jámánì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì, òun ló wà lára epo rẹ̀. Ta ni yóò fi èyí ṣe ohun tí yóò kan ẹ̀jẹ̀ èèyàn?

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé ìdáná. Ní 2010 wọ́n fi fítámì Sí dán an wò, ó yọ ọ́síjìn. Ní 2011 wọ́n fi omi tíì dán an wò, ó yọ ọ́síjìn. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Yunifásítì Rice ní Texas fi bisikíìtì, koríko àti ẹsẹ̀ aáyán ṣe gráfíìnì lórí bébà kọ́pà nínú iná tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lórí tẹmomítà. Mo fẹ́ràn ìyẹn fún ẹ̀rín rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ewé kókò dé. Ohun tó ń korò nínú tíì, tó ń fún ni lẹ́nu pọ̀ nínú èèpo igi, òun ló ń ṣiṣẹ́ náà: ó ń fún gráfíìnì ọ́ksáìdì ní ohun tó ń wá, ọ́síjìn á sì fi í sílẹ̀. Òmíràn nínú oje ewé yẹn á sì dì mọ́ abala gráfíìnì, kò ní jẹ́ kí wọ́n tún lẹ̀ mọ́ra di òkìtì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ mí lóminú nìyí: iṣẹ́ aró ti rin ojú ọ̀nà kan náà rí, ìdàkejì ló kọjú sí. Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a kò fi ewé ṣe. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, aró òyìnbó àti sódà inú agolo ti dé Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ní sódà kò nílò eérú. Ṣùgbọ́n bí sódà bá pọ̀ jù, ó ń jẹ aṣọ, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àdìrẹ Ẹ̀gbá kì í pẹ́ gbó mọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Ìjà bẹ́. Àwọn aláró kò gbà, ó sì di ohun tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé lórí ní 1936.

Màmá wà lára àwọn tó ń lo sódà nígbà yẹn. Kò tijú rẹ̀. Ó ní àwọn kan máa ń fi agolo wọn pamọ́ sínú garawa gààrí. Mo bi í nígbà kan pé èéṣe tí wọn kò kúkú dúró sí ti eérú. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò tíì jẹ gbèsè rí. "Eérú á gbà ọ́ lọ́sẹ̀ kan. Ta ni yóò bọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kan yẹn?" Ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí, agolo ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà.

Àwọn obìnrin kúrò nídìí ewé lọ sídìí agolo. Àwọn onímọ̀ gráfíìnì kúrò nídìí agolo, wọ́n ń bọ̀ nídìí ewé. Wọ́n kọjá lára wọn lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Bí wọ́n bá ti bi Màmá, ì bá ti sọ ohun tí àwọn ìwé ìwádìí máa ń fi pamọ́ sí gbólóhùn kan níparí: pé ewé òjò kì í ṣe ewé ẹ̀ẹ̀rùn, pé èlú tí a já lókè ọ̀hún yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ odò, pé ìkòkò méjì kì í so bákan náà. Fún aṣọ, ìyẹn kò burú, àwọn kan tiẹ̀ ń wá a. Fún ohun tí yóò sọ fún èèyàn bóyá jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀ tàbí kò sí, ó burú púpọ̀.

Jẹjẹrẹ ló sì kàn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi ni wọ́n bí tẹ̀ lé e, bẹ̀rẹ̀ sí í jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru. Ó ní àgbà ló dé. Nígbà tí a fipá mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ìlú mìíràn ni àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí fún àyẹ̀wò PSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ká wá fún àwọn ní òmíràn. Nígbà tí èsì máa fi dé, oṣù méjì ti lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń ṣe ààlà ni nánógráàmù 4 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Tirẹ̀ ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Ó lo oṣù mẹ́rìnlá sí i.

Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù, n kò mọ̀ títí dìgbà yẹn pé àyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè ti pẹ́ láyé. Ní 1971 ni àwọn kan ní Stockholm ti gbé ẹ̀yà àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ELISA jáde, tí àńtíbọ́dì ti ń mú ohun tí a ń wá, tí àwọ̀ á sì yípadà. Ní 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò PSA fún àwọn tó ti ní àrùn náà, ní 1994 ó fọwọ́ sí i fún wíwá a. Ohun tó jìnnà sí wa ni ẹ̀rọ ńlá, fìríìjì àti iná tí kì í lọ.

Ẹ̀rọ kékeré ní ìran tirẹ̀. Ní 1962, Leland Clark ní Amẹ́ríkà mú ọ̀pá tó ti ń fi wọn ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ó fi ẹ́ńsáìmù bò ó lórí. Bí ṣúgà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ́ńsáìmù á jẹ ẹ́, á sì lo ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn bá ṣe dínkù sí ni ṣúgà ṣe pọ̀ sí. Nínú ìdílé yìí ni ẹ̀rọ tí àwọn onítọ̀ ṣúgà fi ń gún ìka nílé ti wá. Àwọn tó ń ṣe ti jẹjẹrẹ fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, gráfíìnì ni wọ́n sì yàn, torí iná ń sáré lórí rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì wà níta. Gráàmù kan ṣoṣo, bí a bá tẹ́ ẹ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, tí a sì ka ojú rẹ̀ méjèèjì, yóò fẹ̀ ju ìdámẹ́ta pápá bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n á lẹ àńtíbọ́dì mọ́ ọn. Bí PSA bá bọ́ sọ́wọ́ àńtíbọ́dì, iná tó ń kọjá á yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ á kà á.

Ibì kan wà tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Kì í ṣe gbogbo ọ́síjìn ni wọ́n fẹ́ yọ. Bí o bá fi í sílẹ̀ jù, iná kò ní kọjá. Bí o bá yọ ọ́ tán pátápátá, àńtíbọ́dì kò ní rí ibi tí yóò dì mú. Ìwọ̀n ni. Màmá ì bá ti mọ èyí láìka ìwé, obìnrin tó ń fi ahọ́n wọn omi eérú.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì LAUTECH ti fi èèpo obì, èèpo kòkó àti òwú aláǹtakùn ṣe fàdákà wẹ́wẹ́ láti bí 2015, èèpo kòkó kan náà tí Màmá ń sun fún eérú. Fàdákà ni o, kì í ṣe gráfíìnì, àmọ́ ọwọ́ kan náà ni. Ti gráfíìnì ewé fún jẹjẹrẹ, inú láàbù àti inú ìwé ìwádìí ló pọ̀ sí, n kò tíì bá a pàdé lórí tábìlì dókítà kankan. Inú sì máa ń bí mi tí mo bá rí i tí wọ́n kọ "aláwọ̀ ewé" gàdàgbà sí iwájú ìwé, tí ásíìdì sọ́fúríìkì wá fara pamọ́ sí ojú ewé kẹta. Ewé dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìparí iṣẹ́ ló dé.

Ọmọ náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì mi. Ó já ewé kókò lẹ́yìn ọgbà, ọwọ́ ń yún un, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó da omi rẹ̀ sínú bíkà tí gráfíìnì ọ́ksáìdì aláwọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó gbé e lé iná. A jókòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, etí bíkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dúdú bí pátákó wa ayé àtijọ́, òórùn ọbẹ̀ ewé sì kún láàbù.

"Màmá, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó?"

Ẹ̀rọ tó yẹ kó sọ fún wa kò sí nílùú yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ bíkà, mo wo àwọ̀ rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti ti ìka bọ̀ ọ́, mo sì ti ń gbé e bọ̀ lẹ́nu. Ásíìdì Hummers ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé ìka sọ̀ kalẹ̀, mo nù ún sára kóòtù.